Ṣé bí mo bá sunkún níwájú Ọlọ́run, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé E mọ́ nìyẹn?

Ìyá_Ire (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ti rò ó títí, kò tán.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, SS ni. Òun ni àwọn àgbà wa ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. AS lèmi, AS ni bàbá rẹ̀, a ò sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fẹ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò pa á nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Kó tó di aago kan òru, egungun ti ń ro ó. Tó bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í pariwo. Etí ìrọ̀rí ló máa ń kì bọ ẹnu, á wá máa gé e jẹ. Mò ń ki tówẹ̀lì bọ omi gbígbóná, mò ń fi lé e lórúnkún, bàbá rẹ̀ wà níta tó ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sọ́síbítù. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Mo ní, "Ọlọ́run, ó tó gẹ́ẹ́. Kí lọmọ yìí fi ṣe Ọ́?"

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa wá kí wa. Ẹni tí mo fẹ́ràn ni, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n yẹ ara mi wò dáadáa, pé ohun kan wà tí mi ò tíì jẹ́wọ́ níwájú Olúwa. Mo sọ fún wọn pé mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹkún yẹn gan-an ni àìgbàgbọ́, pé ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kì í béèrè pé kí ló dé.

Mo ti yẹ ara mi wò. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí bíi ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló wà nínú egungun ọmọ mi? Ṣé kí n panu mọ́ ni ìrẹ̀lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti la irú rẹ̀ kọjá dá mi lóhùn.

Olùkọ́_Àgbà (Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́)

Ìyá Ire, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún yín.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìmọ̀ Bíbélì kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìwé tí mo padà sí tó ti Jóòbù. Ẹ ka ìparí orí kejì. Nígbà tí Élífásì, Bílídádì àti Sófárì gbọ́ ohun tó dé bá ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wá láti ìlú wọn. Wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó bá a sọ gbólóhùn kan, torí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa mọ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́, ohun tí wọ́n sì sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí ìyá yẹn sọ fún yín: lọ yẹ ara rẹ wò.

Jóòbù ńkọ́? Ó ṣépè fún ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní kí Ọlọ́run wá, kí àwọn jọ rojọ́. Ẹnu kan náà ló fi sọ pé bí Ó tilẹ̀ pa òun, síbẹ̀ òun yóò máa gbẹ́kẹ̀ lé E. Nígbà tí ìdájọ́ dé ní orí 42, ta ni inú bí Ọlọ́run sí? Àwọn mẹ́ta tí wọ́n mọ ìdí gbogbo nǹkan ni. Ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bí ìránṣẹ́ Òun Jóòbù ti sọ. Ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́lẹ́ṣẹ̀ náà ló tún padà gbàdúrà fún wọn.

Lójú tèmi, ìrẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹni tó wá kí yín ló yẹ kó kọ́kọ́ ní in. Kéèyàn rí ọmọ tó ń gé ìrọ̀rí jẹ nítorí ìrora, kó wá sọ pé òun mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe níbẹ̀, ìgbéraga ni.

Ìgbàgbọ́_Ń_Ṣiṣẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 11:02 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn létí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ fo ẹsẹ kẹfà ní orí 42 tí ẹ dárúkọ yẹn. Jóòbù kórìíra ara rẹ̀, ó sì ronú pìwà dà nínú ekuru àti eérú. Kí ló ń ronú pìwà dà lé lórí tí kì í bá ṣe ẹjọ́ tó rò? Òwe 18:21 sì wí pé ikú àti ìyè ń bẹ lọ́wọ́ ahọ́n.

Ọdún mẹ́rin ni ọgbẹ́ inú fi bá èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí jà. Mi ò lè jẹ ẹ̀bà tó ti kan ata. Mo kọ̀ láti máa pe ara mi ní aláìsàn. Níbi ìṣọ́ òru kan lọ́dún 2014, nǹkan gbóná kan gba inú mi kọjá, láti ọjọ́ yẹn mi ò mọ ìrora náà mọ́. Ẹ̀rí mi nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ire, mi ò bú yín. Mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ẹnu ara yín so àìsàn mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ yéé sọ pé "SS ni".

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mi ò tíì bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n mi ò lè ka ìyẹn kí n sì lọ sùn.

Ará mi Ìgbàgbọ́, mo bá yín yọ̀ lórí ìwòsàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní kí ìyá má pe SS lórúkọ, ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀. Ìyá tó bá ti "jẹ́wọ́ ìwòsàn" á dá fólíkì ásíìdì dúró, á dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà kọ lu ọmọ dúró, torí tó bá ṣì ń lò ó, wọ́n á ní kò gbàgbọ́. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. A dúró tì í. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe parí.

Ìyá Ire, ẹ gbọ́ èyí látẹnu ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa máa ń rí roboto, ó sì máa ń rọ̀. Ti ọmọ tó ní SS máa ń le, á sì tẹ̀ bíi dòjé, àgàgà tí òtútù bá mú un, tí kò bá mumi tó, tàbí tí ibà bá ń ṣe é. Wọ́n á wá há sínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá dé egungun. Ìrora tó ń mú kó gé ìrọ̀rí jẹ nìyẹn. Nígbà tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ máa jẹ́ SS. Bó ṣe rí fún pásítọ̀ ló rí fún ọ̀mùtí. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí àwọn ọmọ yìí jù lọ láyé. Ṣé gbogbo ìyá wọn ló ní ohun tí wọn ò jẹ́wọ́ ni? Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè nípa afọ́jú inú Jòhánù 9 pé ta ló ṣẹ̀, ọkùnrin yìí ni àbí àwọn òbí rẹ̀, Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ ò sì ní sọ pé Pọ́ọ̀lù ò nígbàgbọ́. Aṣọ tó kan ara rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ bá aláìsàn ní Éfésù tí ara wọn ń yá. Pọ́ọ̀lù yìí náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé òun fi Trófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó fi í sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Tímótì tí inú ń yọ lẹ́nu, oògùn ìgbà náà ló ní kó lò: wáìnì díẹ̀. Kò bá èyíkéyìí nínú wọn wí pé wọn ò jẹ́wọ́ dáadáa.

Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea, bóyá ó yẹ ọmọ yín. Ẹ sì ra ẹ̀wù òjò fún un. Mo ń lọ sùn.

Ṣadé_K (Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀)

Ọlọ́run bùkún yín, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ìyá Ire, mo fi orúkọ ọmọ yín sínú àdúrà àárọ̀ yìí.

Tọ́pẹ́_Peckham (Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ọmọ ọdún 36 ni mí, SS sì lèmi náà. Ẹ ní kí ẹni tó la irú rẹ̀ kọjá sọ̀rọ̀. Mi ò tíì là á kọjá, inú rẹ̀ ni mo ṣì wà.

Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ sórí ibùsùn aláìsàn bí ẹni pé ọmọ ò gbọ́. Mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá mi pé àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje ló kù. Ìyá mi gbà á. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, garawa omi dà lé e lórí. Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ ni pé èmi ni mò ń pa ìyá mi. Ó lé lọ́dún 20 kí n tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó kọ́ mi ní ìgbàgbọ́ ni ìyá bàbá mi. Wọn ò mọ̀wé. Bí egungun bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá láti yàrá wọn, wọ́n á bọ́ ìró tó wà lókè, wọ́n á fi wé mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ náà lé itan wọn. Wọ́n á wá sọ fún Ọlọ́run bí ẹni tó ń bá ará ilé sọ̀rọ̀: "Ó ń dùn ún o. Ìwọ náà wò ó." Ó pin. Wọ́n lè sọ ọ́ nígbà ogójì kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn ò pàṣẹ fún Ọlọ́run, wọn ò sì bò ó mọ́ Ọn lójú pé nǹkan ń ṣe mí.

Wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí mi ọ̀tún níbí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á so mí mọ́ ẹ̀rọ kan, á fa ẹ̀jẹ̀ tèmi jáde, á sì fi ti ẹlòmíì sí i. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò mọ̀ mí, ló lọ jókòó tó na apá sílẹ̀ nítorí mi. Nígbà kan ojú máa ń tì mí. Mo máa ń sọ pé tí ìgbàgbọ́ mi bá tó, mi ò ní nílò ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ní báyìí, bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà kọ́, mo máa ń fọwọ́ kàn án, mo máa ń dúpẹ́. Ibi tí Ọlọ́run ti tẹ orí mi ba nìyẹn, lórí àga yẹn: kí n gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ìyá Ire, ẹ sunkún yín. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn láéláé.

Bàbá_Ìdòwú (Ọjọ́ Ajé, 8:48 alẹ́)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ìyàwó mi kú lọ́dún 2021 lẹ́yìn tí a ti gba gbogbo àdúrà tán. Mi ò bínú sí yín, Ọlọ́run ni mo bínú sí. Mo máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń jókòó, tí wọ́n bá ní kí a gbàdúrà, n kàn máa ń wo ilẹ̀. Bóyá Ó ṣì kà mí mọ́ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé E, mi ò mọ̀.

Olùkọ́_Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Bàbá Ìdòwú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ẹ kú ìrójú.

Ẹ bá mi ṣí Sáàmù 88. Àwọn sáàmù míì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yíjú sí ìyìn kí wọ́n tó parí. Èyí kò yíjú. Òkùnkùn ló fi parí. Ó bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí Ó fi ń fojú pa mọ́ fún òun, kò sì sí ìdáhùn kankan nínú rẹ̀ títí dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé orin tẹ́ḿpìlì. Wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìjọsìn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ jókòó tí ẹ ń wo ilẹ̀, àyè yín wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Tí ẹ bá ní ẹ ò lọ mọ́ ni ìbá bà mí lẹ́rù.

Ará mi Ìgbàgbọ́, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹsẹ kẹfà, ó yẹ kí n ti mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ kẹta pọ̀ mọ́ ọn: Jóòbù ní òun sọ ohun tí kò yé òun. Ẹ ò ní rí i kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà sí i lọ́rùn. Ohun tó máa ń mú mi dúró nínú ìwé yẹn ni pé Ọlọ́run ò sọ ìdí fún un títí dòpin. Àwa tí a ka orí kìíní la mọ ọ̀rọ̀ Sátánì. Jóòbù ò mọ̀ ọ́n. Ó rí Ọlọ́run, ó sì tẹrí ba láìmọ ìdí.

Ìwé_Àtijọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá láti ilé wa, torí ó yẹ kí a máa rántí rẹ̀ ní irú àkókò yìí.

Ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí wọ́n sì kó Àjàyí, ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi í pààrọ̀ tábà àti ọtí. Ẹ̀rù pé wọ́n máa tà á fún Potogí bà á débi pé ó gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ló padà di Samuel Àjàyí Crowther.

Lọ́dún 1837 ó kọ lẹ́tà nípa ọjọ́ tí wọ́n kó o. Ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún ní wọ́n ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún, torí ọ̀nà tí òun gbà dé ibi tí ìhìn rere wà nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò fi ìkejì pa ìkíní rẹ́. Ọjọ́ ìbànújẹ́ ṣì ń jẹ́ ọjọ́ ìbànújẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 25. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omi ń bọ́ lójú ìyá. Ẹsẹ Bíbélì tó wà fún ọjọ́ náà nínú àlùmánáàkì rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìní baba. Lọ́dún 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà.

Ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù sábà máa ń dúró sí. Mo fẹ́ kí a tẹ̀ síwájú. Kò fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ láyé. Lẹ́yìn tó sì ti di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí Odò Ọya, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì aláwọ̀ funfun dé, wọ́n wọ́ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò lójú rẹ̀. Lọ́dún 1890 ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ Odò Ọya náà, àgbàlagbà tó ti lé ní 80 ọdún. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó. Kò rí ìdáláre kankan lójú ayé rẹ̀, aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti gbẹ̀san. Ìgbà tó rí ìyá rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń wò tí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́; ọdún kan àbọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni.

Ìgbàgbọ́_Ń_Ṣiṣẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Tọ́pẹ́, mo ka ti garawa yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti gbàdúrà sórí ọ̀pọ̀ ọmọ, mi ò ronú kàn án rí pé wọ́n ń gbọ́. Bí mo bá ti fi ẹrù kún ẹrù ẹnì kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mi ò yí padà lórí pé Ọlọ́run ń wo àìsàn sàn. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má torí àwọn tó ṣì í lò, kí a wá dákẹ́ láti béèrè. Ìyá Ire, ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè. Ẹ fún un ní oògùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́)

Kò sẹ́ni tó ní ká má béèrè, ará mi. Jésù gbàdúrà lórí ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹta ní Gẹtisémánì. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀gún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ife ò kọjá, ẹ̀gún ò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ ni Pọ́ọ̀lù gbọ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi nígbà tí mo bá ń bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ìyá_Ire (Ọjọ́bọ̀, 5:10 ìdájí)

Ẹ kú ìdájí o, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo kà á fún bàbá Ire pẹ̀lú. Bàbá Ìdòwú, orúkọ yín ti wọ inú àdúrà ilé wa.

Ìyá tó wá kí wa lọ́síbítù yà sílé lánàá. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Wọn ò fèsì. Wọ́n jókòó pẹ́, wọ́n wá dìde, wọ́n bá mi fọ tówẹ̀lì tó wà nínú báàfù, wọ́n sì sá a. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà.

Lóru yìí egungun tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò le tó ti tẹ́lẹ̀, a ti tètè fún un lóògùn àti omi. Mo bọ́ ìró mi, mo fi wé e lẹ́sẹ̀ bí Bùrọ̀dá Tọ́pẹ́ ṣe wí, mo sì sọ ọ́ sókè: "Ó ń dùn ún o. Ìwọ náà wò ó." Ire yọ ìrọ̀rí lẹ́nu, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní Ọlọ́run ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún un pé ti òsì ló ń dùn jù."

Mo sọ fún Un. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ló tó sùn.